Ẹ̀wà Kọ́, Pírọ́jẹ́ẹ̀tì Ni

Awakọ̀ Micra tó gbé mi kúrò nílé ìwé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan rò pé ẹ̀wà ni mo rà. Ó bá mi gbé àpò Ghana-must-go mi sẹ́yìn ọkọ̀, ó mí hẹ̀ẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀wà yìí mà wúwo o. Èló ni wọ́n ń tà á ní Bódìjà báyìí?" Mo ní ẹ̀wà kọ́, ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé ni. Ó wo àpò, ó wò mí. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀ lẹ fẹ́ kà?" Ẹni tó jókòó níwájú bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé. Ó di ọdún 23 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn, kò sí ọ̀gá kan tó bi mí rí bóyá mo ka iṣẹ́ àkànṣe wọn, ìyẹn pírọ́jẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé ṣé mo ti kó máàkì sílẹ̀. Òbí á béèrè pé mélòó lọmọ òun gbà. Ọmọ á béèrè ìgbà tí òun máa rí fáìlì òun gbà padà, torí àbúrò òun fẹ́ dà á kọ lọ́dún tó ń bọ̀. Awakọ̀ tí mi ò mọ̀ rí ló wá fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Kíláàsì SS2 mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi lọ́dún yẹn, ọmọ 60 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọ̀kan lé e tàbí kẹ́ ẹ yọ ọ̀kan. Ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí sọ pé ọmọ 40 ni kó wà níwájú olùkọ́ kan ní girama. Inú ìwé náà ló ṣì wà. Ọmọ 240 ni tèmi. Bí mo bá fún iṣẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 10 péré, ìṣẹ́jú 2,400 nìyẹn, wákàtí 40 gbáko. Kò síbi tí wákàtí 40 yìí wà nínú táìmù-tébù. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pírídì 20 lọ́sẹ̀, nóòtì ẹ̀kọ́ tí igbákejì ọ̀gá gbọ́dọ̀ buwọ́ lù láàárọ̀ Mọ́ńdè, rẹ́jísítà kíláàsì, àti ọ̀sẹ̀ tó bá kàn mí láti dúró ní géètì mú àwọn tó pẹ́ dé. Níbo ni wákàtí 40 ti fẹ́ wá bí kò ṣe nínú oorun? Mo ti jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná nítorí pírọ́jẹ́ẹ̀tì rí. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ṣí gbogbo fèrèsé.

Bẹ́ẹ̀, nínú 100 tí ọmọ ń gbà lórí Gẹ̀ẹ́sì ní táàmù kan níléèwé wa, ìdánwò ló ni 60. Ogójì tó kù la pín fún tẹ́ẹ̀sì àti iṣẹ́ àṣetiléwá, pírọ́jẹ́ẹ̀tì sì gba 10 nínú rẹ̀. Wákàtí 40 nítorí máàkì 10.

Ọ̀nà kan wà tí èèyàn fi lè ṣe é ní wákàtí mẹ́rin. Wàá wo èèpo ìwé, bóyá ọmọ náà fi rúlà fa ìlà sétí ojú ewé. Wàá gbé e wò lọ́wọ́ bí ẹni gbé ẹja wò. Èyí tó nípọn gba 8, èyí tó fẹ́lẹ́ gba 5, èyí tó yàwòrán sí i gba 9. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nítorí mo ti ṣe é, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ olùkọ́ tuntun, ọmọkùnrin kan da ojú ewé kan náà kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí iṣẹ́ rẹ̀ lè nípọn, mo sì fún un ní 8. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé ìkẹyìn nínú WAEC ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ ọ́ fún mi bí àpárá. "Mà, ẹ rántí pírọ́jẹ́ẹ̀tì lágbájá? Ojú ewé kan ló kọ o!" Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi bírò kọ orúkọ sára ṣẹ́ẹ̀tì ara wọn. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé ọ́fíìsì àwọn olùkọ́, ojú tì mí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀.

Mo ti ṣe máàkì WAEC náà rí. Wàhálà wà níbẹ̀, owó tí wọ́n ń san lórí ìwé kọ̀ọ̀kan kò sì tó nǹkan, àmọ́ wọ́n ń san án. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìwé, gbogbo wa á kọ́kọ́ jókòó pọ̀, gbogbo wa á ka ìwé ọmọ kan náà, a ó jiyàn títí èmi tí mo fún un ní 31 àti ẹnì kejì tó fún un ní 22 á fi mọ ibi tí a ti yapa. Àròkọ kan gba 50: kókó ọ̀rọ̀ ní 10, ìtò rẹ̀ ní 10, ìlò èdè ní 20, sípẹ́lì àti gírámà àti àmì ìdánudúró ní 10. Nínú 10 tó gbẹ̀yìn yìí, àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń jẹ ààbọ̀ máàkì. Bọ́mọ bá ti ṣe 20, ó di òdo. Ìlànà yìí ni mo ń lò fún pírọ́jẹ́ẹ̀tì kí ó lè mọ́ àwọn ọmọ lára, kí n tó wá fi 5 pín in. Kò sẹ́ni tó ń bá mi jiyàn nílé o. Èmi àti bírò pupa mi nìkan ni, láago 11 alẹ́, lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì tí NẸ́PÀ bá ti ṣe tiwọn.

Máàkì ṣíṣe gan-an kọ́ ló tilẹ̀ nira jù. Ìmúrasílẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń rí. Mo ti yan iṣẹ́ tó dára lójú mi rí, tó sì fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ́dún kan, mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gé àkọlé ìròyìn márùn-ún jáde nínú ìwé ìròyìn, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, kó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe kọ wọ́n. Lójú tèmi, ìwé ìròyìn kò wọ́n. Mi ò ronú pé ẹni tó ń ra ìwé ìròyìn ní àdúgbò yẹn ti tán. Ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lọ. Iṣẹ́ wá dé tòun ti epo. Mo ń ka ọ̀rọ̀ nípa ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, ata ń ta sí mi nímú. Bàbá kan sì wá sílé ìwé láti béèrè ìdí tí a fi ní kí ọmọ òun ra páálí, gọ́ọ̀mù àti lẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ nígbà tí òun ò tíì san owó ilé. Ohun tó sọ kò burú. Èmi ló burú lójú ara mi.

Láti ìgbà yẹn, kí n tó fúnni ní iṣẹ́, mo máa ń bi ara mi ní ohun mẹ́ta. Ṣé ọmọ tí kò ní kọ́bọ̀ lè ṣe é? Ṣé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e dé ló wà? Ṣé ó máa sọ ohun tí èmi kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún mi? Èyí tó kẹ́yìn yìí fún ara tèmi ni. Bí mo bá máa ka iṣẹ́ 240, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ.

Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William Heard Kilpatrick ló kọ àkọsílẹ̀ kan ní 1918 tó gbé fífi pírọ́jẹ́ẹ̀tì kọ́ni sókè. Ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ tí ọmọ bá fi gbogbo ọkàn rẹ̀ ṣe ló ń kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní 1982, wọ́n ní kí á yéé fi ìdánwò ọjọ́ kan ṣoṣo wọn ọmọ, kí á máa gba máàkì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ibi tí mo fẹ́ bá wọn jà sí níbẹ̀. Èrò gidi ni. Wọ́n kàn gbé e fún ẹni tó ní ọmọ 60 nínú yàrá kan, wọ́n ní kó máa lọ.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni mo gbé iṣẹ́ tó kó mi sí ìròyìn tí mo ń rò yìí kalẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ kan fún 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àdúgbò rẹ̀, kó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, kó kọ ojú ewé méjì. Kò gba páálí, kò gba owó. Ara mi yá sí i. Inú àpò tí awakọ̀ pè ní ẹ̀wà yẹn ni wọ́n wà.

Fáìlì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, wọ́n fi ṣẹ́pírà dè é, ọ̀rá wà lójú rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ni ín kò tíì kọ gbólóhùn mẹ́ta tí kò wọ́ lójú mi rí. Ó ní òun fọ̀rọ̀ wá fọ́káláísà kan lẹ́nu wò, fọ́káláísà náà sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jíṣẹ́ fún àjọ àgbáyé. Kò sí kọ́mà kan tó yẹsẹ̀. Mo lo ìlànà mi: 10, 10, 17, 10. Ó gba 47 nínú 50.

Lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni ti ọmọbìnrin kan wà, ojú ewé méjì tó já nínú ìwé ogójì lífù, wọ́n fi pín-ìn-nì dè é. Ìyá rẹ̀ àgbà tó ń ta èlùbọ́ ló fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Gbólóhùn kìíní nìyí: "My grandmother is selling elubo since they have not born my mother." Mo fi bírò pupa yí nǹkan po níbi méjì, máàkì kan lọ. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ibi tí gbólóhùn yẹn ti wá: láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ìyá mi. Mo ń kà á lọ. Ó sọ bí ìyá àgbà ṣe ń mọ iṣu gbígbẹ tó dára kó tó rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e wá láti oko. "She is breaking the dry yam near her ear. If it has dry, it will answer." Mo yí "has dry" po. Mo yí "answer" náà po, mo kọ "make a sound" sókè rẹ̀. Iṣu kì í dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo parí, àṣìṣe 26 ni mo kà. Òdo nínú 10 tó gbẹ̀yìn, 8 nínú 20 fún ìlò èdè, 9 fún kókó ọ̀rọ̀, 7 fún ìtò. Ó jẹ́ 24.

Mo gbé bírò sílẹ̀. Ọmọ tó gba 47 kò kọ́ mi ní ohun kan. Èyí tó gba 24 ni mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọkọ mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ní Mọ́ńdè, mo pe ọmọkùnrin yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò bínú, mo kàn bi í pé níbo ni ṣọ́ọ̀bù fọ́káláísà yẹn wà. Ó wo àjà. Ó wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Fóònù bùrọ̀dá mi ló kọ ọ́." Mo ní kí ló dé tí kò lọ bá fọ́káláísà kankan, ṣebí wọ́n pọ̀ lójú títì. Ó dákẹ́ pẹ́ kó tó dáhùn. Bàbá rẹ̀ gan-an ni fọ́káláísà. "Ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mà."

Ó rò pé nítorí iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan lèèyàn lè fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Mi ò sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ mi ò sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ ni mo fi múra iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, mo ya ìlànà rẹ̀ sórí pátákó, gbólóhùn kan tó yẹ kí n sọ ni mo gbàgbé. Mo béèrè lọ́wọ́ kíláàsì lápapọ̀. Àwọn tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n mọ̀ dáadáa ni wọ́n fi sílẹ̀ nítorí Gẹ̀ẹ́sì ju 20 lọ nínú kíláàsì yẹn nìkan.

Mo bá dá gbogbo iṣẹ́ padà. Mo ní kí wọ́n lọ bá ẹni tí wọ́n fẹ́, kí wọ́n bá a sọ èdè tó gbọ́, kí wọ́n kọ ohun tó sọ sílẹ̀ ní èdè náà lójú ewé kan, kí wọ́n wá jókòó nínú kíláàsì, níwájú mi, láìsí fóònù, kí wọ́n sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Àríwo sọ. Ọ̀gá ẹ̀ka èdè wa, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún, pè mí, ó ní, "Mama, ẹ ti ń kọ́ wọn ní Yorùbá nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì báyìí?" Ìran tiwa mọ̀ pé nígbà tí a wà ní kékeré, ọmọ tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ nílé ìwé á san owó ìtanràn tàbí kó kúnlẹ̀. Àṣà yẹn kò tíì kúrò lára wa, kódà lára àwa tí wọ́n nà. Mo rán ọ̀gá létí iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá. Ní 1970, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àkànṣe tiwọn nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́: ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ ní Yorùbá, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí iṣẹ́ kan tó ní olùkọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ọ̀gá ní òun mọ̀, ó ní ṣùgbọ́n Fáfúnwá kò ní ọmọ 240. Ó pa mí lẹ́nu mọ́.

Ohun tó sọ yẹn lòótọ́ ni. Ìwé méjì ló wá di ti ọmọ kan, ìwé 480. Mo gbìyànjú láti dín in kù. Mo kọ́kọ́ pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, kí iṣẹ́ lè di 48. Àpò fúyẹ́ gan-an. Àmọ́ ọmọ kan ló ń ṣe é nínú ẹgbẹ́, mẹ́rin ń ra súyà fún un. Mo fi í sílẹ̀. Ohun tó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ni pé kí wọ́n pààrọ̀ ìwé láàárín ara wọn kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, kí ẹnì kejì wá àṣìṣe sípẹ́lì. Àwọn ọmọ fẹ́ràn àti máa wá àṣìṣe ẹlòmíràn bí adìẹ ṣe fẹ́ràn ìdin. Sípẹ́lì dín kù. Mo tún dín pírọ́jẹ́ẹ̀tì kù láti ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún sí ẹ̀ẹ̀kan, pírínsípà sì gbà fún mi lẹ́yìn tí mo ti lọ bá wọn lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà tí àwọn yòókù bá ń kọ, ọmọ kan á wá jókòó tì mí fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, máa bi í ní ohun tó kọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ́nà 60 jẹ́ 180, pírídì mẹ́rin àti ààbọ̀. Ó ń jẹ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan tán. Bí abẹ̀wò láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ bá wọlé lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á ní olùkọ́ yìí jókòó, kò kọ́ni.

Ọmọ fọ́káláísà yẹn kọ ojú ewé kan àtààbọ̀, bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀ gbangba, àṣìṣe 19. Mo yọ̀ mọ́ àṣìṣe 19 yẹn ju bí ẹ ṣe lè rò lọ.

Ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ náà kọ tirẹ̀ lákọ̀tun. Ní Yorùbá, ó kọ ọ́ pé: "Wọ́n á ṣẹ́ ẹ sétí. Bó bá gbẹ, á dáhùn." Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó gbà mí gbọ́, ó kọ "If it is dry, it will make a sound." Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Mo kà á, mo tún un kà. Iṣu náà ti dákẹ́.

Mo fi bírò pupa fa ìlà sórí ohun tí èmi fúnra mi fi kọ́ ọ, mo kọ "answer" padà sókè rẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Mà, èwo ni kí n wá kọ?" Mo ní kó kọ èyí tí ìyá rẹ̀ àgbà sọ.

Ó gbé ìwé rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjì, ó tún yíjú padà. "Ọjọ́ WAEC ńkọ́, mà?"

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ 43 ló ṣì wà lórí ìlà.